Ọ̀ọ̀ni Adésọjí Adérẹ̀mí àti Ọgbà Yunifásítì Wa

Ní ọdún 1889 ni a bí Ọba Adésọjí Adérẹ̀mí sí ìdílé Ọ̀ṣinkọ́lá, ọ̀kan nínú àwọn ìdílé tí í jọba ní Ilé-Ifẹ̀. Wọn kò fọwọ́ lẹ́rán máa retí oyè. Ní 1909 wọ́n wọ iṣẹ́ rélùwéè. Nígbà tí ó di 1921 wọ́n fi iṣẹ́ ìjọba sílẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ òwò, òwò náà sì gbè wọ́n púpọ̀. Ní 1930, lẹ́yìn tí Ọ̀ọ̀ni Adémilúyì wàjà, ni a fi wọ́n jọba. Nǹkan bí 50 ọdún ni wọ́n lò lórí ìtẹ́.

Lójú tiwa, ọ̀ràn ẹ̀kọ́ ni ó kọ́kọ́ gbé orúkọ wọn ga. Wọn kò tí ì pé ọdún méjì lórí oyè tí wọ́n fi dá Oduduwa College sílẹ̀ ní 1932. Kí ó tó di ìgbà náà, ọmọ Ifẹ̀ tí ó bá fẹ́ kàwé kọjá ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní láti di ẹrù rẹ̀, kí ó fi ìlú sílẹ̀. Ó jọ pé láti ibẹ̀ ni Kábíyèsí ti mọ̀ pé ibi tí ilé-ìwé bá wà ni ènìyàn ń wọ́ lọ.

Ní 1960 wọ́n di Gómìnà Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà, ènìyàn dúdú àkọ́kọ́ tí a fi sí irú ipò bẹ́ẹ̀ ní ilẹ̀ yìí. Nígbà tí wọ́n wà níbẹ̀, ní 1961, ni òfin tí ó dá Yunifásítì Ifẹ̀ sílẹ̀ jáde. Ìgbìmọ̀ Ashby kò dá a lábàá pé kí Ìwọ̀-Oòrùn ní yunifásítì mìíràn lẹ́yìn ti Ìbàdàn, ṣùgbọ́n ìjọba ẹkùn wa ta kú pé àwọn yóò ní tiwọn. Ìjà òṣèlú 1962 ni ó gba ipò gómìnà lọ́wọ́ Kábíyèsí; a kò ní tú ìyẹn palẹ̀ níhìn-ín. Ní ọdún náà ni yunifásítì ṣí pẹ̀lú akẹ́kọ̀ọ́ 244, ṣùgbọ́n Ìbàdàn ni ó ti ṣí. Orúkọ wa ni ó ń jẹ́, ìlú ẹlòmíràn ni ó ń gbé. January 1967 ni ó tó bẹ̀rẹ̀ sí kó wá sílé.

Ọ̀ràn ilẹ̀ ni ó wúwo jù. Ìlú tí ó ń fi kòkó àti obì jẹun kì í fi ilẹ̀ ṣeré. Ilẹ̀ tí a fún yunifásítì kì í ṣe kékeré. Àwọn kan wà tí wọ́n ti ń jẹ nínú rẹ̀, kò sì padà sọ́wọ́ wọn mọ́. Ọba tí kò bá ní iyì lójú àwọn ìdílé kò lè rọ̀ wọ́n kí wọ́n yọ̀ǹda irú rẹ̀. Nígbàkígbà tí a bá ń yin Kábíyèsí, ó yẹ kí a rántí àwọn onílẹ̀ náà, nítorí a kì í sábà dárúkọ wọn.

Arieh Sharon, ayàwòrán-ilé ará Ísírẹ́lì, ni ó ṣe ètò ọgbà náà. Kò to àwọn ilé ẹ̀kọ́ sí ẹ̀bá títì. Ó tì wọ́n sínú lọ́hùn-ún, ó sì jẹ́ kí igbó àti pápá wà láàrin wọn àti ìlú. Láti géètì dé àárín ọgbà, ìrìn kékeré kọ́. Nítorí náà ìlú kò rí àyè yí yunifásítì ká. Ńṣe ni ó rìn lọ pàdé rẹ̀ lẹ́nu géètì. Ifẹ̀ àtijọ́ kó ara jọ yí Ẹnuwá ká, níbi tí ààfin wà. Lẹ́yìn 1967, òwò bẹ̀rẹ̀ sí fà sí ìhà Lagere àti Mayfair: báńkì, ilé oúnjẹ, ilé ìtàwé, ìdíkọ̀. Nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ pọ̀ ju yàrá inú ọgbà lọ, ẹni tí ó ní ilé ń fi yàrá háyà, ẹni tí ó ní ilẹ̀ ń kọ́ ilé olójúlé púpọ̀. Lónìí wọ́n ti ju 20,000 lọ, gbogbo wọn ni yóò sì jẹun, tí yóò rán aṣọ, tí yóò wọ ọkọ̀. Ilé ìwòsàn yunifásítì, tí a dá sílẹ̀ ní 1975, kò sí nínú ọgbà. Ó wà ní ọ̀nà Iléṣà, ó sì fa ilé àti ọjà sí ìhà tirẹ̀.

Ṣùgbọ́n ohun tí ó mú ìlú gbòòrò náà ni ìlú fara tì jù. Ní 2022 àwọn olùkọ́ yunifásítì yan iṣẹ́ lódì láti February títí di October, oṣù mẹ́jọ gbáko. Ọ̀pọ̀ onílé kò rí owó ilé gbà, ọ̀pọ̀ ìyá olóúnjẹ sì gbé ìkòkò sọ̀ kalẹ̀. Ní ti àwọn ilé tí a fi kánjúkánjú kọ́ sí ìta géètì láìsí gọ́tà, ẹnikẹ́ni kò lè di ẹ̀bi wọn ru Kábíyèsí. Wọ́n ti fi yunifásítì lé wa lọ́wọ́. Títo ìta rẹ̀ di ọwọ́ àwa àti ìjọba ìbílẹ̀. Ẹ̀yin ará wa ní Èkó, ní Lọ́ńdọ̀nù àti ní Amẹ́ríkà, tí ẹ ń fi owó ránṣẹ́ kọ́lé sí ìhà náà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bèèrè ibi tí omi òjò yóò gbà kí ẹ tó fi ìpìlẹ̀ lélẹ̀.

Ní July 1980 ni Kábíyèsí wàjà. Ní 1987 ìjọba àpapọ̀ yí orúkọ yunifásítì padà, wọ́n sì fi orúkọ Olóyè Obáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ pè é. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ṣì ń pe ara wọn ní Great Ife.