Augustine, Bíṣọ́ọ̀bù Hippo, àti Ìbéèrè Nípa Ibi

Ọjọ́ 28 oṣù kẹjọ li Ìwé Àdúrà wa yà sọ́tọ̀ fún ìrántí Augustine, Bíṣọ́ọ̀bù Hippo. Àwọn ará kan a máa ṣì í mú fún Augustine kejì, ẹni tí a rán láti Róòmù lọ wàásù fún àwọn ará Kent ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lí ọdún 597, tí ó sì di Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà Canterbury àkọ́kọ́. Ẹni tí àwa ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí ti sùn fún ọdún 167 kí ti Canterbury tó gúnlẹ̀, ọmọ ilẹ̀ Áfríkà sì ni í ṣe. A yan ìtàn rẹ̀ nítorí ìbéèrè kan tí àwọn tí ń múra fún ìtẹ̀bọmi kì í yé bi wá, tí àwọn àgbà ìjọ pẹ̀lú ń bi wá nígbà tí òkú ọ̀fọ̀ bá sùn nílẹ̀: bí Ọlọ́run bá jẹ́ rere, tí gbogbo agbára sì jẹ́ tirẹ̀, níbo li ibi gbà wọ ayé? Ọkùnrin yìí fi ohun tí ó ju àádọ́ta ọdún lọ wá ìdáhùn sí i.

A bí i ní ọjọ́ 13 oṣù kọkànlá ọdún 354 ní ìlú Thagaste, èyí tí ń jẹ́ Souk Ahras lónìí ní ilẹ̀ Àlgéríà. Patricius baba rẹ̀ ní ilẹ̀ díẹ̀, ó sì wà nínú ìgbìmọ̀ ìlú, ṣùgbọ́n abọ̀rìṣà ni. Ìgbà tí ikú rẹ̀ kù sí dẹ̀dẹ̀ li ó tó gba ìtẹ̀bọmi. Monica ìyá rẹ̀ jẹ́ Kristẹni láti kékeré. Nígbà tí Augustine wà lí ọmọdé, àìsàn dá a gbálẹ̀, ó sì bẹ̀bẹ̀ pé kí a tẹ òun bọ omi. Bí ara rẹ̀ ti yá lójijì, wọ́n dá ọ̀ràn náà dúró, nítorí lí àkókò nì ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ẹ̀ṣẹ̀ tí a bá dá lẹ́yìn ìtẹ̀bọmi wúwo ju ti ìṣáájú lọ. Àṣà búburú li èyí, òun tìkára rẹ̀ sì bá a wí nígbà tí ó dàgbà.

Lí ọmọ ọdún 16, owó ilé-ìwé kò tó mọ́, ó sì jókòó sílé fún ọdún kan láìníṣẹ́. Ní òru ọjọ́ kan, òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ gbọn èso igi kan tí ó wà lẹ́bàá ọgbà àjàrà àwọn òbí rẹ̀ wálẹ̀. Èso tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní pear ni, kì í ṣe píà ti ilẹ̀ wa. Ebi kò pa wọ́n. Èso náà kò dùn, kò sì dára lójú. Wọ́n tọ́ díẹ̀ wò, wọ́n sì da ìyókù fún ẹlẹ́dẹ̀. Ohun kékeré! Ọmọ wo li ó kù lí àdúgbò wa tí kò tí ì ká ọsàn olóhun rí? Síbẹ̀, nígbà tí ó kọ ìwé Ìjẹ́wọ́ rẹ̀, tí ó ti di Bíṣọ́ọ̀bù, tí ó sì ti lé lógójì ọdún, ó fi ọ̀rọ̀ púpọ̀ yẹ olè yìí wò. Ohun tí ó ń dà á láàmú ni pé kò rí ìdí. Olè tí ebi ń pa ní ìdí. Apànìyàn pàápàá ní ohun tí ó ń lépa. Òun jalè nítorí pé olè náà dùn mọ́ ọn, àti nítorí pé àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín. Bí ibi bá lè ti inú ènìyàn jáde báyìí láìsí ohun tí ó fà á, kí ni ibi?

Romanianus, ọlọ́rọ̀ kan ní Thagaste, ràn án lọ́wọ́ láti lọ kàwé ní Carthage. Níbẹ̀ li ó ti mú obìnrin kan sọ́dọ̀ láìgbé e níyàwó, ó sì bí ọmọkùnrin kan fún un, Adeodatus, èyí tí ìtumọ̀ rẹ̀ rí bí Ọlọ́runfúnmi lọ́dọ̀ wa. Lí ọmọ ọdún 19 ó ka ìwé Cicero kan, ìfẹ́ ọgbọ́n sì gbà á lọ́kàn. Ó ṣí Bíbélì, ṣùgbọ́n èdè rẹ̀ kò ga tó lójú ọ̀mọ̀wé kékeré yìí, ó sì pa á dé.

Lẹ́yìn èyí li ó bọ́ sọ́wọ́ àwọn ọmọ-ẹ̀yìn Mani. Mani jẹ́ ará ilẹ̀ Bábílónì, tí a bí lí ọdún 216, tí ó sì kú sínú ẹ̀wọ̀n ọba Páṣíà. Ó kọ́ni pé agbára méjì li ó wà láti ayérayé, Ìmọ́lẹ̀ òun Òkùnkùn, pé wọ́n bá ara wọn jagun, àti pé ayé yìí jẹ́ àdàlù àwọn méjèèjì. Ọkàn ènìyàn jẹ́ apá kan Ìmọ́lẹ̀ tí a há mọ́ inú ara. Nítorí náà, bí ẹnì kan bá ṣẹ̀, òun kọ́ li ó ṣẹ̀, bí kò ṣe Òkùnkùn tí ń gbé inú rẹ̀. Ẹ wò bí ẹ̀kọ́ yìí ti tu ọ̀dọ́mọkùnrin lára tó! Ó gba Ọlọ́run lọ́wọ́ ẹ̀sùn, ó sì gba ẹlẹ́ṣẹ̀ náà pẹ̀lú. Kò sì jìnnà sí wa. Ẹni tí ó lu aya rẹ̀ lálubolẹ̀ li àná yóò wí fún ìgbìmọ̀ ìjọ lónìí pé iṣẹ́ Èṣù ni; ẹni tí ó ná owó ẹgbẹ́ yóò wí pé bí orí òun ti yàn án ni. Augustine dúró sínú ẹ̀kọ́ yìí fún nǹkan bí ọdún mẹ́sàn-án.

Ìwé wọn sọ ìtàn púpọ̀ nípa oòrùn òun òṣùpá, ṣùgbọ́n àwọn tí ń ṣírò ìrìn ìràwọ̀ lè sọ ọjọ́ àti wákàtí tí oòrùn yóò wọ̀ṣùpá, ìtàn Mani kò sì bá ìṣirò náà mu. Wọ́n ní kí ó dúró de Faustus, olórí wọn. Faustus dé Carthage. Ọ̀rọ̀ dùn lẹ́nu rẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí a bi í, ó jẹ́wọ́ pé òun kò mọ̀ ọ́n. Augustine fẹ́ràn òtítọ́ ọkùnrin náà, ìrètí rẹ̀ sí Mani sì ṣẹ́. Lí ọdún 383 ó tan ìyá rẹ̀ jẹ lí etí òkun, ó sì wọkọ̀ lọ sí Róòmù nígbà tí ìyá ń gbàdúrà lọ́wọ́. Lí ọdún tí ó tẹ̀lé e ó di olùkọ́ ọ̀rọ̀ sísọ ní Milan, níbi tí Ambrose ti jẹ́ Bíṣọ́ọ̀bù.

Ní Milan, ìwàásù Ambrose àti ìwé àwọn ọlọ́gbọ́n tí ń tọ Plato lẹ́yìn là á lójú sí ohun tí ó di ìpìlẹ̀ gbogbo ìkọ́ni rẹ̀. Ibi kì í ṣe ohun kan tí ó dá dúró, kò sì ní ẹlẹ́dàá. Gbogbo ohun tí ó wà li Ọlọ́run dá, ó sì dára. Ibi ni kí ohun rere pàdánù rere tí ó yẹ ẹ́. Nígbà tí egbò bá jinná, kò ṣí kúrò lára lọ jókòó síbòmíràn. Kò sí mọ́ ni, nítorí àìsí ìlera li òun jẹ́. Ìwà búburú pẹ̀lú kì í ṣe ìfẹ́ ohun búburú, nítorí kò sí ohun tí a dá ní búburú. Ó jẹ́ pé ìfẹ́-inú yí padà kúrò lọ́dọ̀ rere tí ó ga jù, ó sì rọ̀ mọ́ èyí tí ó kéré.

Ó mọ èyí, ṣùgbọ́n ìmọ̀ náà kò dá a sílẹ̀. Wọ́n ń wá ìyàwó tí yóò bá ipò rẹ̀ mu, wọ́n sì dá obìnrin tí ó bá a gbé láti ìgbà èwe padà sí Áfríkà. Ó fi ọmọ rẹ̀ sílẹ̀ fún baba, ó sì jẹ́jẹ̀ẹ́ pé òun kì yóò mọ ọkùnrin mìíràn. Augustine kọ ọ́ pé ọkàn òun ṣẹ̀jẹ̀. Lójú wa, ì bá ti dára kí ó kọ orúkọ obìnrin náà pẹ̀lú, ṣùgbọ́n kò kọ ọ́. Ọmọdébìnrin tí a fẹ́ fún un kò sì tí ì tó ilé ọkọ, nítorí náà ó mú ẹlòmíràn sọ́dọ̀. Ìfẹ́-inú méjì ń bá ara wọn jà nínú rẹ̀. Ìfẹ́ búburú ti bí ìṣekúṣe, ìṣekúṣe ti di bárakú, bárakú ti di ohun tí kò lè ṣe kí ó má ṣe, bí ẹ̀wọ̀n tí òrùka rẹ̀ so kọ́ra. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ọdún 386, nínú ọgbà kan ní Milan, ó gbọ́ ohùn ọmọdé kan láti ilé tí ó wà nítòsí, ó mú ìwé Pọ́ọ̀lù, ó ka ibi tí ojú rẹ̀ kọ́kọ́ bọ́ sí nínú Ìwé sí àwọn ará Róòmù, ẹ̀wọ̀n náà sì já. Ambrose tẹ̀ ẹ́ bọ omi lí òru Àjíǹde ọdún 387, òun àti Adeodatus ọmọ rẹ̀ àti Alypius ọ̀rẹ́ rẹ̀. Monica sùn ní Ostia lí ọdún kan náà. Adeodatus pẹ̀lú kò pẹ́ láyé.

Ní Róòmù li ó ti bẹ̀rẹ̀ ìwé rẹ̀ lórí òmìnira ìfẹ́-inú, tí ó parí ní Áfríkà, níbi tí òun àti Evodius ọmọ ìlú rẹ̀ ti ń jíròrò. Evodius bi í láti ìbẹ̀rẹ̀ bóyá Ọlọ́run ni orísun ibi. Augustine pín ibi sí méjì: èyí tí a ń ṣe, àti èyí tí ń bá wa. Èyí tí a ń ṣe kò ní orísun mìíràn ju ìfẹ́-inú wa lọ. Kí ló dé tí Ọlọ́run fi fún wa li ohun tí a lè fi ṣìnà? Ó dáhùn pé ohun tí a ṣe nípá kì í ṣe òdodo, àti pé ẹṣin tí ó ṣìnà sàn ju òkúta tí kò lè ṣìnà nítorí pé kò lè rìn.

Lí ọdún 391 àwọn ará Hippo di í mú nínú ìsìn, wọ́n sì fi í jẹ àlùfáà tẹkúntẹkún. Kò pé ọdún mẹ́fà tí ó fi di Bíṣọ́ọ̀bù wọn. Lí ọdún 392 ó bá Fortunatus, alàgbà àwọn ọmọ-ẹ̀yìn Mani, jiyàn ní gbangba ilé ìwẹ̀ ìlú fún ọjọ́ méjì. Fortunatus kó kúrò ní Hippo lẹ́yìn náà.

Nípa ìjà rẹ̀ pẹ̀lú ẹgbẹ́ Donatus, tí ó ti pín Ìjọ Áfríkà sí méjì, a kò ní sọ púpọ̀. Lí àkọ́kọ́ kò fẹ́ kí a fi ipá mú ẹnikẹ́ni. Nígbà tí ó yá ó gbà kí òfin ọba fi ìyà mú wọn wọlé. Ẹni tí ó ti kọ́ni pé ohun tí a ṣe nípá kì í ṣe òdodo! Àwọn tí ó fẹ́ fi idà ṣọ́ ìgbàgbọ́ ti fara pamọ́ sẹ́yìn orúkọ rẹ̀ láti ìgbà náà wá.

Lí oṣù kẹjọ ọdún 410, Alaric àti àwọn Goth wọ Róòmù, wọ́n sì kó o lẹ́rù fún ọjọ́ mẹ́ta. Àwọn tí ó sá là wá sí Áfríkà, wọ́n ń wí pé ìgbà tí a kọ àwọn òrìṣà sílẹ̀ li ìyà dé. Augustine bẹ̀rẹ̀ ìwé Ìlú Ọlọ́run lí ọdún 413, ó sì tó ọdún 13 kí ó tó parí apá 22 rẹ̀. Nínú apá kìn-ín-ní ó yà sọ́dọ̀ àwọn obìnrin tí a fi ipá bà jẹ́ lí ọjọ́ wọ̀nyí. Àwọn kan ń gàn wọ́n pé wọn kò pa ara wọn. Ó wí fún wọn pé ẹ̀ṣẹ̀ wà nínú ìfẹ́-inú, àti pé ibi tí ìfẹ́-inú kò ti gbà, ẹ̀bi kò sí, ìwà mímọ́ wọn kò sì sọnù. Lójú tiwa, kò sí ibi tí ẹ̀kọ́ òmìnira ti ṣe ìtùnú jù báyìí lọ.

Ẹni tí ó tún kọlù ú wá láti Bìrìtéènì: Pelagius, ọkùnrin oníwà mímọ́, tí ó rò pé ẹ̀kọ́ Augustine ń sọ àwọn Kristẹni di ọ̀lẹ. Ó ní Ọlọ́run kì í pàṣẹ ohun tí kò ṣeé ṣe. Ó tilẹ̀ fi ìwé Augustine lórí òmìnira ṣe ẹlẹ́rìí fún ara rẹ̀. Augustine dáhùn pé ìfẹ́-inú ṣì wà, ṣùgbọ́n ó ń ṣàìsàn láti ìgbà Ádámù, àti pé oore-ọ̀fẹ́ ni yóò kọ́kọ́ wò ó sàn. Ìgbìmọ̀ Carthage dá Pelagius lẹ́bi lí ọdún 418. Ẹni tí ó bá ka Ìlànà Ìgbàgbọ́ wa yóò rí orúkọ àwọn Pelagius nínú èkẹsàn-án, yóò sì rí ọwọ́ Augustine nínú èkẹwàá.

Ṣùgbọ́n ọmọ-ọwọ́ ńkọ́? Bí ìyà bá jẹ́ èrè ẹ̀ṣẹ̀, tí ẹ̀ṣẹ̀ sì jẹ́ ti ìfẹ́-inú, kí ni ọmọ oṣù mẹ́ta tí gìrì ń gbé ṣe? Lí ọdún 415 ó kọ̀wé sí Jerome, ó sì jẹ́wọ́ pé ọ̀ràn ìyà àwọn ọmọ-ọwọ́ há òun mọ́, òun kò sì rí ohun tí òun yóò fi dáhùn. A bọ̀wọ̀ fún un nítorí ìjẹ́wọ́ yìí. Síbẹ̀ ó rọ̀ mọ́ ọn títí dé òpin pé ọmọ tí ó kú láìgba ìtẹ̀bọmi ṣègbé, bí ìyà tirẹ̀ tilẹ̀ fúyẹ́ jù lọ. Àwa tí ó ti sin irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn ilé àwọn ìyá wọn kò lè bá a dé ibẹ̀.

Lẹ́tà kan tí ó kọ sí Alypius ní ìgbà ogbó rẹ̀ fara sin títí a fi tẹ̀ ẹ́ jáde lí ọdún 1981. Nínú rẹ̀ ó sọ nípa àwọn oníṣòwò ẹrú tí ń fi ipá kó àwọn òmìnira láti ìgbèríko wá sí èbúté Hippo láti tà wọ́n sí òkè òkun. Augustine kò sí nílé lí ọjọ́ tí àwọn ọmọ ìjọ rẹ̀ lọ tú nǹkan bí 120 ènìyàn sílẹ̀, apá kan láti inú ọkọ̀, apá kan láti ibi tí a fi wọ́n pamọ́ sí. Ẹni tí ó mọ bí a ti kó Àjàyí Crowther ní Òṣogùn lí ọdún 1821 yóò mọ irú ọjọ́ tí ọjọ́ náà jẹ́. Nínú lẹ́tà náà Augustine kò jíròrò orísun ibi. Ó ń wá òfin tí yóò dá àwọn oníṣòwò náà dúró.

Lí ọdún 429 àwọn Vandal rékọjá láti Sípéènì wá sí Áfríkà, lí ọdún 430 wọ́n sì dó ti Hippo. Lí oṣù kẹta ìdótì náà ibà dá Augustine dùbúlẹ̀. Ó ní kí a kọ àwọn Sáàmù ìrònúpìwàdà sára ògiri, ó ń kà wọ́n láti orí ibùsùn, ó sì ń sọkún. Ó sùn ní ọjọ́ 28 oṣù kẹjọ, lí ẹni ọdún 75. Possidius, tí ó wà níbẹ̀, kọ ọ́ pé kò ṣe ìwé ìpíngún, nítorí kò ní ohun tí yóò pín. Ó kàn pàṣẹ pé kí a tọ́jú ìwé ilé ìjọsìn dáadáa fún àwọn tí ń bọ̀. Lẹ́yìn náà àwọn ará ìlú fi Hippo sílẹ̀, ọ̀tá sì sun ún, ṣùgbọ́n àwọn ìwé náà kò bá a jóná.