Muda Lawal: Mẹkáníìkì Tó Di Ọba Àárín Pápá

Nígbà ìsinmi tó kọjá, mo tẹ̀lé bàbá mi lọ sí ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì kan ní Ọgbà, ìtòsí ibi tí àwọn iléeṣẹ́ ńlá tò sí lójú ọ̀nà Acme. Àwọn ọmọ iṣẹ́ ibẹ̀ ń jiyàn lórí ẹni tó mọ bọ́ọ̀lù gbá jù ní àárín pápá nínú gbogbo ọmọ Nàìjíríà. Ẹnì kan dárúkọ Okocha, òmíràn dárúkọ Mikel. Ọ̀gá wọn, àgbàlagbà tí òróró ẹ́ńjìnì ti wọ èékánná rẹ̀, kò dárúkọ méjì: Muda Lawal ni tirẹ̀. Ìgbà tí mo délé tí mo ka ìtàn ọkùnrin náà ni mo tó mọ ohun tó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà ká ọ̀gá yẹn lára. Muda pàápàá, mẹkáníìkì ni.

Abẹ́òkúta ni wọ́n ti bí Mudashiru Babatunde Lawal, ní ọjọ́ 8 oṣù kẹfà ọdún 1954. Iṣẹ́ mẹkáníìkì ló ń kọ́ nígbà tí bọ́ọ̀lù gbà á mọ́ iṣẹ́ lọ́wọ́. Ẹ̀yin tí ẹ bá ti rí ọmọ iṣẹ́ tó wà lábẹ́ ọkọ̀ láti àárọ̀ dalẹ́, ẹ ó mọ̀ pé kì í ṣe ẹni tó lè tún ní okun fún ìṣẹ́jú àádọ́rùn-ún. Muda ní in. Ohun tí wọ́n fi mọ̀ ọ́n jù nìyẹn: kì í rẹ̀ ẹ́. Á gba bọ́ọ̀lù lẹ́sẹ̀ ọ̀tá níwájú ilé tirẹ̀, kí ẹ tó ṣẹ́jú, ó ti dé ẹnu ilé wọn.

Ìbàdàn ló ti di èèyàn ńlá, nínú ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Shooting Stars tí wọ́n ń pè ní IICC nígbà náà. Ní ọdún 1976, ẹgbẹ́ yìí kojú Tonnerre ti Yaoundé, ìyẹn ẹgbẹ́ tí Roger Milla wà nínú rẹ̀, nínú àṣekágbá ìdíje àwọn tó gba ife orílẹ̀-èdè wọn. IICC fi 4-1 nà wọ́n n'Ìbàdàn. Nígbà tí wọ́n dé Yaoundé, góòlù kan péré ni wọ́n jẹ. Kò tíì sí ẹgbẹ́ kankan ní Nàìjíríà tó gba ife ilẹ̀ Áfíríkà ṣáájú tiwọn.

Ọdún yẹn kan náà ni Muda bá Green Eagles lọ sí ìdíje Ife Áfíríkà ní Ethiopia, tí wọ́n ṣe ipò kẹta. Ó yẹ kí ó gbá bọ́ọ̀lù Òlíḿpíìkì ní Montreal pẹ̀lú, àmọ́ Nàìjíríà àti ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Áfíríkà kó ẹrù wọn padà sílé, nítorí pé ẹgbẹ́ rọ́gíbì New Zealand lọ bá South Africa ìgbà ẹlẹ́yàmẹ̀yà ṣeré. Ó di ọdún 1980, ní Moscow, kó tó gbá Òlíḿpíìkì. Ní ti Ife Àgbáyé, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò débẹ̀ rárá, torí pé ọdún 1994 ni Nàìjíríà ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ ti ọjọ́ 22 oṣù kẹta ọdún 1980. Pápá ìṣeré ní Sùúrùlérè kún àkúnya, Ààrẹ Shagari wà níbẹ̀, Algeria ló wà níwájú wọn. Ìṣẹ́jú kejì ni Segun Odegbami ti gbá àkọ́kọ́ wọlé, ó sì fi èkejì kún un kí wọ́n tó lọ sinmi. Wọn kò pẹ́ padà dé tí Muda fi ẹ̀kẹta kan ìdí rẹ̀. 3-0. Christian Chukwu gbé ife sókè, ìgbà àkọ́kọ́ Nàìjíríà nìyẹn. Odegbami ni gbogbo ayé ń rántí tí wọ́n bá ti sọ ọjọ́ yẹn. Mi ò bá wọn jà, góòlù méjì ju ẹyọ kan lọ, ṣùgbọ́n góòlù ẹ̀kẹta yẹn ló jẹ́ kí ara tu èrò ìwòran.

Èyí tó ń dùn mí ni ti ọdún 1984, torí pé ẹni tó bá pàdánù kì í ní olùròyìn. Ní Abidjan, nínú àṣekágbá pẹ̀lú Cameroon, Muda ló kọ́kọ́ gbá bọ́ọ̀lù wọlé, kò tíì ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Cameroon dá a padà, wọ́n sì gba ife náà ní 3-1. Àwọn agbábọ́ọ̀lù tó gbá góòlù wọlé nínú àṣekágbá Ife Áfíríkà méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ kò pọ̀. Ìdíje náà ni ìkarùn-ún rẹ̀ láìfo ọ̀kan: 1976, 1978, 1980, 1982, 1984.

Lẹ́yìn náà ó gbá bọ́ọ̀lù fún Stationery Stores níbí l'Ékòó àti Abiola Babes ní ìlú rẹ̀. Ikú òjijì ló pa á ní ọjọ́ 6 oṣù keje ọdún 1991, ọmọ ọdún 37. Pápá ìṣeré kan ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ ní Abẹ́òkúta. Ní ọdún tó tẹ̀lé e, Shooting Stars tún gba ife ilẹ̀ Áfíríkà mìíràn wá sí Ìbàdàn, ẹlẹ́ẹ̀kejì wọn láti ọdún 1976.