Pierre Budin, oníṣègùn àwọn ọmọ tí oṣù wọn kò pé

Gbogbo ìyá tó ti gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn ní Gouka ló mọ òṣùwọ̀n tí wọ́n ń gbé ọmọ lé. Agbẹ̀bí a ka ìwọ̀n náà, a sì kọ ọ́ sínú ìwé. Ọ̀kan nínú àwọn tó mú kí àṣà yìí tàn kálẹ̀ ni Pierre Budin, oníṣègùn ará ilẹ̀ Faransé.

Ọdún 1846 ni a bí i. Ó di ọmọ iṣẹ́ Stéphane Tarnier, ògbóǹtagí nínú ìgbẹ̀bí ní ìlú Paris. Ní ayé ìgbà náà, ọ̀pọ̀ ọmọ tí a bí kí oṣù wọn tó pé ni kì í yè. Òtútù ń pa wọ́n, nítorí pé ara wọn kò ní ọ̀rá tó lè mú wọn móoru. Àwọn ènìyàn gbà pé kò sí ọgbọ́n tí a lè dá sí i.

Tarnier kò gbà bẹ́ẹ̀. Ó rí àpótí gbígbóná kan tí ẹyin fi ń di òròmọdìyẹ láìsí pé adìyẹ sàba lé e. Ó jẹ́ kí wọ́n ṣe irú rẹ̀ fún ọmọ ènìyàn ní nǹkan bí ọdún 1880. Ṣáájú àpótí náà, nínú 100 ọmọ tí kò tó kìló 2, 66 ló ń kú. Lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n di 38.

Budin rí ohun tó kù. Bí ìyá kò bá rí ọmọ rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, ọmú rẹ̀ a gbẹ, ọkàn rẹ̀ a sì kúrò lára ọmọ. Nítorí náà, ó fẹ́ kí àpótí ní dígí, kí ìyá lè máa wo ọmọ rẹ̀. Ó tẹnu mọ́ wàrà ọmú ìyá. Ní 1892, ní ilé ìwòsàn Charité, ó ní kí àwọn ìyá tó bímọ níbẹ̀ máa gbé ọmọ padà wá, kí a lè wọ̀n wọ́n, kí a sì gba àwọn ìyá nímọ̀ràn. Ní 1900, ó kó ẹ̀kọ́ rẹ̀ jọ sínú ìwé Le Nourrisson. Ó kú ní 1907.

Lónìí, ẹ̀rọ kan wà tí Budin kò mọ̀. Oníṣègùn a gbé e lé àwùjẹ̀ ọmọ, ibi rírọ̀ tí egungun orí kò tí ì pàdé. Ẹ̀rọ náà a fi ìró tí etí kò lè gbọ́ ya àwòrán ọpọlọ. A lè fi mọ̀ bí ẹ̀jẹ̀ bá dà sínú ọpọlọ ọmọ tí a bí kí oyún tó pé ọ̀sẹ̀ 32, nítorí iṣan ẹ̀jẹ̀ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kò tí ì lágbára.

Ṣùgbọ́n àwòrán kò lè sọ gbogbo ọjọ́ iwájú ọmọ. Ọmọ tí àwòrán rẹ̀ dára lè pẹ́ kí ó tó rìn tàbí kí ó tó sọ̀rọ̀. Èyí tí àwòrán rẹ̀ kò dára lè dàgbà dáadáa. Bí a bá ń gbé ọmọ padà wá ni a fi lè mọ̀ bóyá ó ń gbọ́ràn, bóyá ó ń ríran, bóyá ó ń jókòó lásìkò.

Ẹ̀kọ́ tí Budin fi sílẹ̀ nìyí: iṣẹ́ kò parí ní ọjọ́ tí ọmọ jáde ní ilé ìwòsàn. Bí oṣù ọmọ kò bá pé, ẹ gbé e sí àyà ìyá rẹ̀ kí ó móoru. Ẹ fún un ní wàrà ọmú. Ẹ má sì jẹ́ kí ọjọ́ tí wọ́n dá fún un kọjá.