Philip Vincent, ọkùnrin tó fi táǹkì ọ́ìlì ṣe egungun alùpùpù

Ẹni tó bá mọ ọ̀kadà òde òní mọ̀ pé inú ikùn ẹ́ńjìnnì ni wọ́n ń rọ ọ́ìlì sí, ti bẹntiróòlù nìkan sì ni táǹkì tó wà níwájú awakọ̀. Láyé ijọ́un, táǹkì méjì ni ọ̀pọ̀ alùpùpù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì máa ń ní, ọ̀kan fún bẹntiróòlù, ọ̀kan fún ọ́ìlì. Olóògbé Philip Conrad Vincent ló fún táǹkì kejì yìí ní iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò retí.

Ọdún 1908 ni wọ́n bí i ní Lọ́ńdọ̀nù, àmọ́ orílẹ̀-èdè Argentina ni bàbá rẹ̀ ti ń sin màlúù. Ó lọ sí ilé ẹ̀kọ́ Harrow, ó sì wọ Yunifásítì Cambridge, ṣùgbọ́n alùpùpù ló gbà á lọ́kàn. Ní ọdún 1928, nígbà tó wà lọ́mọ ogún ọdún, owó bàbá rẹ̀ ni wọ́n fi ra orúkọ HRD, ilé iṣẹ́ alùpùpù tó ti kógbá sílé. Ìlú Stevenage ló tẹ̀dó sí.

Ẹ́ńjìnnì àwọn ẹlòmíràn ló ń rà títí di ọdún 1934, nígbà tí alùpùpù rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó wọ ìdíje TT ní erékùṣù Isle of Man kò lè parí eré. Òun àti Phil Irving, onímọ̀ ẹ̀rọ ọmọ ilẹ̀ Ọsirélíà, ṣe tiwọn kí ọdún náà tó parí. Ní 1936, wọ́n gbé Rapide jáde, tó ní sílíńdà méjì. Ó yára lóòótọ́, ṣùgbọ́n páìpù ọ́ìlì lọ́ mọ́ ọn lára bí ìfun adìyẹ, àwọn èèyàn sì fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì ni Vincent fèsì. Nínú Rapide tuntun ti ọdún 1946, ó yọ férémù tí gbogbo ayé mọ̀ dànù, ó fi àpótí irin gígùn kan rọ́pò rẹ̀. Iwájú àpótí yìí ni fọ́ọ̀kì so mọ́, sípíríǹgì ẹ̀yìn so mọ́ ìdí rẹ̀, ẹ́ńjìnnì sì rọ̀ sábẹ́ rẹ̀. Inú àpótí yìí kan náà ni ọ́ìlì wà, páìǹtì 6, ìyẹn ju lítà 3 lọ. Táǹkì bẹntiróòlù wá gùn ún lórí bí gàárì ẹṣin.

Bẹntiróòlù kò nílò pọ́ǹpù. Òkè ló wà, nítorí náà ó ń ṣàn fúnra rẹ̀ lọ sínú kabúrétọ̀, níwọ̀n ìgbà tí ihò tíńtín ara ìdérí bá ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ wọlé. Bí ihò náà bá dí, ẹ́ńjìnnì yóò kú lójú títì, bí táǹkì tilẹ̀ kún. Ti ọ́ìlì yàtọ̀: pọ́ǹpù ló ń gbé e lọ sára àwọn irin tó ń yí, òun náà ló sì ń gbá èyí tó ro sísàlẹ̀ padà sínú àpótí, kí ó lè tutù díẹ̀. Ẹni tó bá ṣí ìdérí nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́ yóò rí i bí ó ti ń tú padà. Bí kò bá rí i, kí ó tètè pa ẹ́ńjìnnì.

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1948, Rollie Free, ọmọ Amẹ́ríkà, dojú bolẹ̀ lórí ọ̀kan nínú àwọn alùpùpù yìí ní pápá oníyọ̀ Bonneville, tòun ti ṣòkòtò ìwẹ̀ (ẹ ò rí nǹkan!), ó sì sá eré tó ju máìlì 150 lọ ní wákàtí kan.

Òkìkí yẹn kò di owó. Ọ̀wọ́n gógó ni alùpùpù náà, Vincent kò sì gbà láti ṣe èyí tí kò dára tó o. Lójú tèmi, agídí tó bí àpótí ọ́ìlì náà ló pa ilé iṣẹ́ ọ̀hún. Oṣù kejìlá ọdún 1955 ni wọ́n ṣe èyí tó kẹ́yìn. Vincent fúnra rẹ̀ kú ní ọdún 1979. Ní oṣù kìíní ọdún 2018, wọ́n ta ọ̀kan nínú àwọn Black Lightning rẹ̀ ní gbàǹjo ní ìlú Las Vegas. Ẹni tó rà á san 929,000 dọ́là.