Ọ̀jọ̀gbọ́n Káyọ̀dé Ọ̀ṣuntókun: Oníṣègùn tí ó Béèrè kí ó tó Sọ̀rọ̀

Bismillāhi Rahmāni Rahīm.

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba tí ó dá ara ènìyàn tí ó sì fi làákàyè jíǹkí rẹ̀. Ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ kí ó máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàábé rẹ̀. Ẹ̀yin ẹrúsìn Ọlọ́hun, mo ń sọ ọ́ fún ara mi kí n tó sọ ọ́ fún yín pé kí a páyà Ọlọ́hun nínú ọ̀rọ̀ ẹnu wa, pàápàá jù lọ ọ̀rọ̀ tí a máa ń sọ nígbà tí àìsàn bá wọ ilé ẹni.

Lẹ́yìn èyí. Bí a bá fẹ́ sọ ìtàn oníṣègùn lórí mùńbárì, ilẹ̀ Páṣíà àti Bàgídáádì ni a máa ń lọ. A ó mẹ́nu ba Ar-Rāzī, ẹni tí ó kọ ìwé láti fi ìyàtọ̀ hàn láàrin ṣọ̀pọ̀nná àti èéyi. A ó mẹ́nu ba Ibn Sīnā, ẹni tí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gíga ní ilẹ̀ Yúróòpù fi ìwé rẹ̀ kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n lónìí, n kò ní kọjá ilẹ̀ Èkìtì tí ó bá Àkókó wa pààlà. Ilé-ẹ̀kọ́ àwọn Kìrìsìtẹ́nì ni ọkùnrin tí mo fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ ti kàwé, kì í ṣe ilé-kéú. Síbẹ̀, kò sí ilé mùsùlùmí kan ní Ìkàrẹ́ tàbí ní Ọ̀kà tí àìsàn tí ó fi ayé rẹ̀ wádìí kò tíì kan ìlẹ̀kùn rẹ̀.

Benjamin Olúwakáyọ̀dé Ọ̀ṣuntókun ni orúkọ rẹ̀. Ọdún 1935 ni wọ́n bí i ní Òkèmẹ̀sí. Ó ka ìwé ní Christ's School, Adó-Èkìtì, ó sì wọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga ti Ìbàdàn, níbi tí ó ti di oníṣègùn ní ọdún 1961. Ilé-ìwòsàn ńlá UCH kò tíì pé ọdún márùn-ún tí wọ́n ṣí i nígbà náà. Ó lọ sí Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti kọ́ nípa àrùn ọpọlọ àti iṣan, ẹ̀kọ́ tí àwọn dókítà aláwọ̀ dúdú tí ó mọ̀ ọ́n kò pọ̀ rárá ní ayé ìgbà náà. Ẹni tí ó ní irú ìmọ̀ bẹ́ẹ̀ ì bá rí iṣẹ́ olówó gọbọi ṣe níbẹ̀. Ó padà sí Ìbàdàn.

Irú aláìsàn kan sì wà tí wọn kò yé wá sí UCH. Tọkùnrin tobìnrin ni wọ́n, àwọn àgbàlagbà tí wọ́n ṣì ń ṣiṣẹ́ oko àti òwò. Ẹsẹ̀ wọn a máa jó wọn bí ẹni tí ó tẹ ẹyín iná. Lẹ́yìn náà, ẹsẹ̀ náà a kú, tí bàtà yóò fi bọ́ tí wọn kò ní mọ̀. Wọn a máa ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ bí ọ̀mùtí, bẹ́ẹ̀ wọn kò mu ohunkóhun. Nínú òkùnkùn, wọn a ṣubú. Bí wọ́n bá di ojú láti bọ́jú, irú èyí tí àwa ń ṣe nígbà tí a bá ń ṣe àlùwàlá, wọn a fẹ́rẹ̀ẹ́ dojú bolẹ̀, nítorí pé ojú nìkan ni ó kù tí ń sọ fún wọn ibi tí ẹsẹ̀ wọn wà. Ojú ọ̀pọ̀ nínú wọn ń ṣókùnkùn díẹ̀díẹ̀, etí àwọn mìíràn sì ń di.

Ẹ̀yin ará, ẹ jẹ́ kí a sọ òótọ́ fún ara wa. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá wà ní àdúgbò wa, kí ni a ó sọ? A ó ní ó ti fẹsẹ̀ tẹ nǹkan. A ó ní wọ́n ṣe nǹkan sí ojú ọ̀nà dè é. Lẹ́yìn èyí ni a ó bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹni tí ó ṣe é: ìyàwó bàbá, orogún, ẹ̀gbọ́n tí a jọ ń du ilẹ̀, tàbí ìyá arúgbó kan tí ó ń dá gbé nínú yàrá rẹ̀ tí kò sí ọmọ tí yóò gbèjà rẹ̀. Ọlọ́hun ti kọ̀ fún wa pé kí a máa dá àbá burúkú sí ọmọnìkejì wa. Ẹni tí ó ṣẹ́gun àìsàn lè tún padà jókòó nídìí ìṣòwò rẹ̀, ṣùgbọ́n ìyá tí a ti pè ní àjẹ́ lójú agbo, ta ni yóò fọ orúkọ rẹ̀ mọ́?

Ọ̀ṣuntókun gbọ́ ohun tí àwọn ènìyàn ń sọ. Kò bá wọn jà, kò sì fi wọ́n ṣe ẹlẹ́yà. Ìbéèrè ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè. Ìgbà wo ni ó bẹ̀rẹ̀? Ẹsẹ̀ kan ni àbí méjèèjì? Kí ni ẹ jẹ láàárọ̀? Lọ́sàn-án ńkọ́? Lálẹ́ ńkọ́? Ó yẹ̀ wọ́n wò láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Ó gba ẹ̀jẹ̀ àti ìtọ̀ wọn fún àyẹ̀wò, ó sì ń mú àwọn àrùn tí kò rí bẹ́ẹ̀ kúrò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, títí ó fi ku èyí tí kò ṣeé mú kúrò. Èyí ni a ń pè ní mímọ àìsàn. Ìdí nìyí tí dókítà fi máa ń béèrè ọ̀rọ̀ púpọ̀ lọ́wọ́ wa kí ó tó kọ oògùn, tí àwa yóò sì máa bínú pé kò mọ iṣẹ́.

Ìdáhùn sí ìbéèrè oúnjẹ ni ó ṣí ìlẹ̀kùn. Ẹ̀gẹ́ ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo oúnjẹ àwọn ènìyàn wọ̀nyí: gààrí, fùfú, láfún, láti òwúrọ̀ di alẹ́, tí ẹran, ẹja tàbí ẹ̀wà tí wọ́n ń jẹ mọ́ ọn kò tó nǹkan. Nígbà tí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò, wọ́n rí i pé ohun tí májèlé inú ẹ̀gẹ́ máa ń dà nínú ara pọ̀ níbẹ̀ ju bí ó ti yẹ lọ. Kò jókòó sí ilé-ìwòsàn. Òun pẹ̀lú Ọ̀jọ̀gbọ́n Monekosso, ọmọ ilẹ̀ Kamẹrúùnù, àti òyìnbó kan tí ń jẹ́ Wilson lọ sí Ẹ̀pẹ́ ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, wọ́n sì yẹ àwọn ará ìlú wò níbi tí wọ́n ń gbé. Ọdún 1968 àti 1969 ni ìwé tí wọ́n kọ lórí rẹ̀ jáde, gbogbo ayé ìṣègùn sì kà á.

Àwọn ìyá wa ti mọ apá kan ọ̀rọ̀ yìí tipẹ́. Wọn kì í ṣàdédé rẹ púpurú sínú omi fún ọjọ́ mélòó kan, wọn kì í sì í ṣàdédé fún omi ara ẹ̀gẹ́ dànù kí wọ́n tó yan gààrí. Májèlé ni wọ́n ń lé jáde. Díẹ̀ tí ó bá ṣẹ́kù, ara fúnra rẹ̀ ni yóò pa á, ṣùgbọ́n oúnjẹ tí ń mú ara dàgbà, bí ẹja, ẹyin, ẹran àti ẹ̀wà, ni ara ń lò láti fi ṣe iṣẹ́ náà. Ẹni tí kò rí irú oúnjẹ bẹ́ẹ̀ jẹ, tí ó sì ń jẹ ẹ̀gẹ́ tí wọn kò fún dáadáa lójoojúmọ́, iṣan rẹ̀ ni yóò san gbèsè náà. Àwọn onímọ̀ tí ó dé lẹ́yìn Ọ̀ṣuntókun ti jiyàn lórí bóyá ẹ̀gẹ́ nìkan ni ó tó ṣe gbogbo èyí. Wọ́n ṣì ń jiyàn. Ṣùgbọ́n kò tíì sí ọ̀kan nínú wọn tí ó padà wá sọ fún wa pé ìyàwó bàbá ni.

Ohun tí ó yẹ kí ó yà wá lẹ́nu ni pé ẹsẹ̀ kíkú kan náà ni ó tún wà lára ọ̀pọ̀ ẹni tí ó ní àtọ̀gbẹ. Ní ọdún 1971, Ọ̀ṣuntókun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ ìwé lórí aláìsàn àtọ̀gbẹ 832. Àwọn ẹni méjì lè wọlé lọ́jọ́ kan náà, kí wọ́n sọ ọ̀rọ̀ kan náà nípa ẹsẹ̀ wọn, kí ti ọ̀kan jẹ́ ti ẹ̀gẹ́, kí ti èkejì sì jẹ́ ti ṣúgà. Kò sí ẹni tí yóò fi ojú lásán mọ̀ ọ́n. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ni yóò yà wọ́n sọ́tọ̀. Bí òùngbẹ bá ń gbẹ ọ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, tí o ń dìde tọ̀ léraléra lóru, tí o ń rù láìmọ ìdí, tàbí tí o ní egbò àdáàjinná, má ṣe dúró di ọjọ́ mìíràn. Àwa tí a ń fọ ẹsẹ̀ wa fún ìrun lójoojúmọ́ tún ní àǹfààní kan: kí ẹni tí ó ní àtọ̀gbẹ máa wo àtẹ́lẹsẹ̀ àti àárín ọmọ-ìka rẹ̀ dáadáa bí ó ti ń ṣe àlùwàlá, kí ó sì nu omi ibẹ̀ gbẹ. Kí ó rí dókítà rẹ̀ kí ààwẹ̀ tó wọlé, nítorí pé Ọlọ́hun ti ṣe ìrọ̀rùn fún aláìsàn.

Láti ọdún 1973 sí 1975, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń kọ orúkọ àwọn tí àrùn rọpárọsẹ̀ kọlù ní ìlú Ìbàdàn sílẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ríru ni wọ́n bá lẹ́yìn ọ̀pọ̀ nínú wọn. A máa ń ní wọ́n ta ẹni bẹ́ẹ̀ lọ́fà. Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í pariwo; ẹni tí ó ní i lè máa jẹun, kí ó máa rìn, kí ó má mọ̀ títí ọjọ́ tí apá kan yóò fi kú. Òṣùwọ̀n nìkan ni ó ń tú u fó. Bí iye náà bá ń tó 140 lórí 90 nígbà tí wọ́n wọ̀n ọ́n ní ọjọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ó ti di ọ̀rọ̀ dókítà nìyẹn. A ó dín iyọ̀ àti màgí kù. A ó sì máa lo oògùn náà lọ bí ara tilẹ̀ yá, nítorí pé oògùn náà ni ó mú kí ara yá. Bí ẹnu ẹnìkan bá ṣàdédé wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, tí apá rẹ̀ kò gbé mọ́, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń lọ́, ẹ má ṣe rọ nǹkan sí i lẹ́nu. Ẹ gbé e lọ sí ilé-ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. Ilé-ìwòsàn ìjọba wà ní Ìkàrẹ́ níhìn-ín.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ sí i lórí wárápá. Ní Ìgbò-Ọrà, ìlú tí a mọ̀ mọ́ ìbejì, òun àti àwọn ẹmẹ̀wà rẹ̀ ka àwọn ènìyàn 18,954, wọ́n sì rí i pé nínú ẹgbẹ̀rún kọ̀ọ̀kan, ó tó ẹni márùn-ún tí ó ní wárápá. Ẹ wo sàfú yín. Bí a bá tó ẹgbẹ̀rún níhìn-ín, àwọn márùn-ún náà lè wà láàrin wa, tàbí kí wọ́n wà nílé nítorí pé ojú ń tì wọ́n láti wá. A máa ń sá fún wọn nígbà tí ó bá gbé wọn ṣubú, pé itọ́ wọn yóò kó ràn wá. Kì í ràn. A máa ń fi iná jó ẹsẹ̀ wọn, a sì máa ń ki ṣíbí bọ̀ wọ́n lẹ́nu. Ìpalára ni. Ẹ yí ẹni náà sí ẹ̀gbẹ́, ẹ mú ohun tí ó lè ṣe é léṣe kúrò nítòsí rẹ̀, ẹ dúró tì í títí yóò fi jí. Oògùn wà tí ẹni bẹ́ẹ̀ lè máa lò lójoojúmọ́, tí ọ̀pọ̀ yóò fi máa ṣiṣẹ́, tí wọn yóò sì gbéyàwó.

Ọ̀ṣuntókun di ọ̀jọ̀gbọ́n ní ọdún 1970. Ó darí ẹ̀ka ìmọ̀ ìṣègùn ní Yunifásítì Ìbàdàn, ó sì di ọ̀gá àgbà ní UCH. Ipò wọ̀nyí pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n kò fi wọ́n pààrọ̀ ìrìn ojúlé-dé-ojúlé.

Ní ọdún 1992, ó ti ń sún mọ́ ọgọ́ta ọdún, òun àti àwọn onímọ̀ láti Indianapolis ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan ní Ìdìkàn, ní ìlú Ìbàdàn. Wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá àwọn arúgbó wa ń ṣarán bí àwọn arúgbó aláwọ̀ dúdú ti Amẹ́ríkà. Wọ́n bá àwọn àgbàlagbà 2,494 tí ọjọ́ orí wọn ti tó 65 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ sọ̀rọ̀, wọ́n sì béèrè lọ́wọ́ àwọn ẹbí wọn bí wọ́n ti ń ṣe nílé. Àìsàn náà kéré púpọ̀ ní Ìdìkàn ju ti Indianapolis lọ. Àwọn ìyá arúgbó tí ń sọ̀rọ̀ sọ̀rọ̀ tí wọ́n gbàgbé ibi tí wọ́n bá a dé, tí a máa ń fura sí, wà nínú àwọn tí ó jókòó tì tí ó sì gbọ́ ọ̀rọ̀ wọn gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀ aláìsàn.

Ọdún 1995 ni ìwé tí ó ròyìn iṣẹ́ náà jáde. Ọdún náà gan-an ni ó kú, ní ẹni 60 ọdún. Àwọn ọmọ tí ó kọ́ padà sí Ìdìkàn, wọ́n sì ń kan ìlẹ̀kùn àwọn arúgbó náà fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn rẹ̀.

Mo sọ ọ̀rọ̀ mi yìí, mo sì ń tọrọ àforíjìn Ọlọ́hun fún èmi àti ẹ̀yin.