Dókítà Sun Yat-sen: Orúkọ Ìfarapamọ́ Tí Ó Di Orúkọ Òpópónà

Ọmọ ìlú wa tí ó bá dé ilẹ̀ Ṣáínà kò níí pẹ́ rí òpópónà tàbí ọgbà ìgbafẹ́ tí wọ́n ń pè ní Zhongshan. Orúkọ ènìyàn ni: Dókítà Sun Yat-sen, baba orílẹ̀-èdè wọn.

Ọmọ àgbẹ̀ ni, abúlé Cuiheng ni a sì gbé bí i ní 1866. Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Hawaii ni ó ti lọ kàwé, kí ó tó kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn ní Hong Kong. Ní Honolulu, ní 1894, ó dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ láti gba ìjọba lọ́wọ́ ọba. Àwọn ọmọ Ṣáínà tí ń ṣiṣẹ́ ní òkèèrè ni wọ́n ń dáwó fún un. Kí ẹ̀yin ará wa tí ẹ wà ní ìdálẹ̀ gbọ́ o.

Ọ̀tẹ̀ tí wọ́n dì ní Guangzhou ní 1895 forí ṣánpọ́n, ó sì di ìsáǹsá. Ní ilẹ̀ Japan ni ó ti sọ ara rẹ̀ ní Nakayama, kí àwọn amí má baà dá a mọ̀. Bí àwọn Ṣáínà bá ka orúkọ yìí ní èdè tiwọn, Zhongshan ni.

Ó di Ààrẹ onígbà díẹ̀ ní 1912, ṣùgbọ́n láàrin oṣù díẹ̀ ó gbé ipò náà fún Yuan Shikai. Ó kú ní Beijing ní 12 oṣù Kẹta, 1925. Lọ́dún náà ni wọ́n sọ àgbègbè ìbí rẹ̀ ní Zhongshan. Ní 1928, ọgbà tí wọ́n tẹ́ òkú rẹ̀ sí ní Beijing gba orúkọ kan náà.

Láti 1949 ni Beijing àti Taiwan ti kẹ̀yìn sí ara wọn. Síbẹ̀, orúkọ náà wà lójú pópó lọ́dọ̀ àwọn méjèèjì.