KÍ LA WÁ ṢE LÁYÉ? ÌTÀN ÀJÀYÍ CROWTHER

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń bi ara wọn léèrè pé kí ni àwọn wá ṣe láyé. Bí ìdáhùn ò bá tètè dé, ẹlòmíràn a ní kí òun kúkú kú. Ẹ jẹ́ ká wo Àjàyí, ọmọ Òṣogùn.

Ní nǹkan bí ọdún 1809 ni wọ́n bí i. Ní 1821, ogun kó ìlú wọn, wọ́n sì mú òun àti ìyá rẹ̀ lẹ́rú. Wọ́n fi ọmọ ènìyàn pààrọ̀ ẹṣin, wọ́n tún fi pààrọ̀ ọtí àti tábà. Nígbà tí ẹ̀rù bà á pé wọn yóò tà á fún àwọn Potogí, ó fẹ́ fi ọ̀já rẹ̀ pokùnso lóru, ṣùgbọ́n àyà rẹ̀ kò gbà á. Ó tún gbèrò láti bẹ́ sódò. Lójú tirẹ̀, ayé ti tán.

Ṣùgbọ́n ní oṣù April 1822, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gba àwọn ẹrú náà lójú òkun, wọ́n kó wọn lọ sí Sàró. Àjàyí kọ́ ìwé, ó kọ́ iṣẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà, ó ṣe ìrìbọmi ní 1825. Ó di àlùfáà ní 1843. Ní 1846, ní Abẹ́òkúta, ó tún fojú kan ìyá rẹ̀ lẹ́yìn ọdún bíi mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Ó di bíṣọ́ọ̀bù ní 1864. Ní 1884, Bíbélì Yorùbá tí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ túmọ̀ parí.

Òpin rẹ̀ kò dùn o. Ní 1890, àwọn òyìnbó tó kéré sí i lọ́jọ́ orí tàbùkù sí i lórí iṣẹ́ tó ṣe ní odò Ọya. Ó kú ní ọjọ́ 31 oṣù December 1891. Ọjọ́ a kú là á dère, èèyàn ò sunwọ̀n láàyè.

Ẹ má ṣe sọ pé ogun dára nítorí pé ẹrú di bíṣọ́ọ̀bù. Àwọn tí wọ́n jọ kó lẹ́rú tí a ò gbọ́ orúkọ wọn mọ́, ayé tiwọn náà kì í ṣe asán lójú Ẹlẹ́dàá. Ohun tí a rí kọ́ nìyí: lóru tí Àjàyí di ọ̀já mú, kò lè mọ ohun tó wà níwájú. Kò dìgbà tí a bá mọ ìtumọ̀ ayé wa kí a tó gbé e. Iṣẹ́ tó bá délẹ̀ lónìí, ẹ ṣe é. Bí ẹ̀mí bá wà, ìrètí ń bẹ.

Kí Olúwa dá ẹ̀mí wa sí. Àmín.